Ìbọ̀wọ́ Tí AI Bá Memunat Yìn

"Madam, abeg, which side Bilkis shop dey?"

Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Memunat ní ọjà Mile One, ó gbé fóònù lọ́wọ́. Bàtà iṣẹ́ tí Memunat ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Ojú fóònù ló ń wò.

"I no know am," ni Memunat dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Bilkis rèé ní òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síwájú.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí orúkọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sọdá. Memunat ju àkísà tó fi ń nu bàtà sórí tábìlì.

Ìlara ni. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́, ká má pè é ní ẹ̀fọ́rí bí Memunat ṣe máa ń pè é nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá bi í pé kí ló dé tó fi fajú ro.

Ta ló mú Bilkis wá sí Port Harcourt? Memunat ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá a pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Pálọ̀ Memunat ló sùn sí, ọwọ́ Memunat ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta akoto, bàtà onírin, ìbọ̀wọ́ àti gbogbo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Onne máa ń wọ̀ kí nǹkan má baà ṣe wọ́n. Lónìí, Bilkis ti ní búlọ́ọ̀gì, ìyẹn ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń rí i. Ní àsàlátù, òun ni àwọn obìnrin ń sún fún kó jókòó. "Bilkis, kọ́ wa náà o!" ni wọ́n máa ń sọ. Memunat á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, á sì máa ṣi í kà.

"Memunat, ọjà lò ń tà ni àbí Bilkis lò ń ṣọ́?" Misbaudeen ọkọ rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó wá bá a palẹ̀ ọjà mọ́.

"Kí ni mo fẹ́ ṣọ́ lára rẹ̀? Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́!"

"Mo kàn ń béèrè ni. Àtìgbà tí mo ti dé lo ti kọjú sọ́hùn-ún."

"Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń kọ ọ́? AI ni! Ọgbọ́n àtọwọ́dá inú fóònù. Ó kàn máa ń bá a sọ̀rọ̀ ni, á sì bá a kọ gírámà jáde bíi ti àwọn tó lọ sí yunifásítì. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

"O lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tìtorí ọjà rẹ ni kó o ṣe é, má ṣe é tìtorí Bilkis."

Memunat ò gbọ́ ìdajì tó kẹ́yìn yẹn. Inú rẹ̀ ti gbóná ju ohun tí etí lè gbọ́ràn lọ.

Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà tó dé, ó ti ṣí búlọ́ọ̀gì tiẹ̀ náà, ó sì ti ṣí AI lórí fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí oníbàárà tó fẹ́ kọjá lọ:

"Oya, write for my blog. My glove na original leather. E no dey fear anything. Fire o, iron o, chemical o, anything wey dey Onne, my glove go handle am. E better pass all those people for opposite. Make e sweet well well!"

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná. Ní Mile One, ta ni kì í sọ irú rẹ̀? Oníbàtà á ní bàtà òun ò ní gbó títí ọmọ ẹni tó rà á á fi bímọ. Oníkòkò á ní tòun ò lè jó láé. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á fa ọjà náà wò, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á wá dá owó tó wù ú lé e. Ẹnu ọjà ni, àti ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ ọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

AI ò mọ̀. Kò gbé Diobu, níbi tí ọjà Mile One wà, rí, kò fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ rí. Ohun tí Memunat sọ ló gbà bẹ́ẹ̀, ló bá fi èdè àwọn onímọ̀ kọ ọ́. Ó tún fi tiẹ̀ kún un: ó ní wọ́n ti yẹ àwọn ìbọ̀wọ́ náà wò, wọ́n sì yege, àti pé kẹ́míkà líle bíi kọ́sítíìkì kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Memunat ka òkè rẹ̀. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìyìn rẹpẹtẹ, orí rẹ̀ wú. Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù, kò kà á. Ó tẹ̀ ẹ́ síta, ó sì wo òdìkejì ọ̀nà.

"Wàá rí mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò pẹ́ tí Bilkis fi rí i lóòótọ́. Ó sọdá wá, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń ṣe.

"Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o."

"Ọ̀gá àgbà, ẹ káàbọ̀. Dìde, má fi aṣọ olówó ńlá gbálẹ̀ fún mi."

Bilkis dìde. "Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde, Àǹtí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ibi tó ti dárúkọ kọ́sítíìkì. Awọ ni ìbọ̀wọ́ tiyín. Bí ẹnì kan bá lọ gbà á gbọ́…"

"Hẹn-ẹn! Ara ti ń ta ọ́!"

"Rárá o, Àǹtí."

"Ara ń ta ọ́, Bilkis! Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ṣe AI fún ni? Pálọ̀ mi lo ti jí lọ́jọ́sí, ìwọ lo wá fẹ́ máa bá mi tún ìwé kọ. Lọ, jàre. Oníbàárà rẹ ń dúró dè ọ́."

Bilkis lọ. Ó dùn mọ́ Memunat dénú, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń jowú ẹlòmíràn. Ó wá rò pé àwọn kan ti ń jowú òun náà. Adùn yẹn ni kò jẹ́ kó padà lọ ka ohun tí Bilkis ní kó yọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, kẹ̀kẹ́ kan já obìnrin kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Bilkis. Obìnrin náà bá Bilkis sọ̀rọ̀, Bilkis sì nawọ́ sí ọ̀dọ̀ Memunat. Ló bá sọdá wá.

"Good morning, Madam. Na you be Memunat? Na that woman for there show me your shop."

"Na me o! Welcome, my sister, siddon."

Boma lorúkọ obìnrin náà, ọmọ Kalabari ni, òun ló ń bójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń fọ táǹkì ní Onne. Ìbọ̀wọ́ púpọ̀ ló fẹ́ rà, ó tó ohun tí Memunat kì í tà tán láàárín oṣù. Memunat ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó ń wo òdìkejì ọ̀nà bóyá Bilkis ń wò ó.

"On Monday my people dey enter tank," Boma ń ṣàlàyé. "Na caustic we go use wash am. As I see wetin you write, I say thank God."

Ọwọ́ Memunat dúró lórí páálí. "Caustic?"

"Ehn now. See am here." Boma gbé fóònù síwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí Memunat kò kà.

Memunat mọ kọ́sítíìkì. Ọṣẹ ni ìyá rẹ̀ ń fi í sè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rántí ọjọ́ tí kọ́sítíìkì náà ta sórí sálúbàtà awọ bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tó se ọṣẹ ọjọ́ náà tán, awọ yẹn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n bó bá sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ ta ni obìnrin yìí máa lọ? Bilkis ló ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tó yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Bilkis náà ni! Kí ló dé tó jẹ́ pé Bilkis náà ni ní gbogbo ìgbà?

"E strong," ẹnu Memunat ló sọ ọ́. "E strong well well."

Boma ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ara ibẹ̀ ti hun jọ, ó ń dán.

"You see this hand? Na so one man for market swear say him glove strong. I sabi market mouth, Madam. E no fit catch me again. Na him make I dey find person wey go write am down, put him name join. You write am. I believe you."

Memunat wo apá náà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbọ̀wọ́ padà sínú páálí.

"No buy am," ló sọ. "My sister, abeg, no buy am. Wetin dey there no be true. Na market mouth I talk, AI come write am like say person test am. Nobody test anything. This one na for people wey dey carry iron. Caustic go chop am, e go chop hand join."

"And you no read am before you post am?"

"I read the top."

Boma pòṣé, pòṣé náà gùn. "So if I no talk caustic, you for sell am give me." Memunat pa páálí náà dé. Boma tún béèrè: "Who come get the correct one?"

"I no know am" dé orí ahọ́n Memunat. Ó gbé e mì. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di Boma lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì jọ sọdá.

"Bilkis, oníbàárà rẹ rèé. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn ló ń fẹ́, tìtorí kọ́sítíìkì. Òótọ́ lo sọ fún mi lọ́jọ́sí. Èmi lara ń ta."

Bilkis kò yọ̀ ọ́. Nígbà tí Boma ti lọ, ó gbé àga fún un.

"Èmi náà ń lo AI, Àǹtí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ n kì í bá a sọ ẹnu ọjà. Mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọjà fún un, iṣẹ́ tó wà fún àti èyí tí kò wà fún. Tó bá kọ ọ́ tán, mo máa ń kà á látòkè délẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá le, mo máa ń ní kó tún un sọ kó yé mi. Ohun tí mi ò bá sọ tó fi kún un, mo máa ń yọ ọ́. Ó ti kọ ọ́ rí pé ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń ta ọjà níbí."

"Ogún ọdún! Ìwọ tí mo ṣì ń fọ abọ́ fún níjelòó?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí búlọ́ọ̀gì Memunat, wọ́n sì kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀ pé irọ́ ni èyí àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá ti kà á má lọ fi ìbọ̀wọ́ awọ mú kẹ́míkà. Ojú ti Memunat bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síta, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́.

Ìlara náà ò kú tán o. Bí wọ́n bá béèrè ṣọ́ọ̀bù Bilkis lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, nǹkan kan ṣì máa ń ta á nínú. Ṣùgbọ́n ó ń nawọ́ sí i.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, AI dára, ẹ lò ó. Òótọ́ ọjà yín ni kí ẹ sọ fún un, nítorí kò mọ ìgbà tí ẹ ń fọ́nnu. Ẹ má gbé ohun tí ẹ kò kà tán síta, ẹ má sì jẹ́ kó bá yín ṣẹ̀dá àyẹ̀wò tí ẹnì kankan kò ṣe. Bó bá jẹ mọ́ oògùn, oúnjẹ, iná tàbí kẹ́míkà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí àṣìṣe bá ti jáde, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì wí i síta pé àṣìṣe ni. Bí ẹni tó ń bá yín du ọjà bá sì wá kìlọ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ná kí ẹ tó bínú sí i. Orúkọ yín ló wà lórí ohun tí ẹ kọ. Ọwọ́ ẹni tó gbà yín gbọ́ ló máa wọ inú ìbọ̀wọ́ náà.