Ọ̀rá Inú Ìgò

Ní Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1973. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò sí níbẹ̀ ni.

Ràúdátù ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Abdulmumini, ti fi ooru pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá Asabe, tó ń ta ọkà ní ọjà Ìpàtà. Ó wá fa ọ̀rá ara àwọn kòkòrò náà sínú ìgò kékeré. Ọ̀rá náà dì, ó funfun bí òrí.

"Kòkòrò ti kú," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bí ara bá ti kan ọ̀rá yìí, ìjà dé nìyẹn. Ara á gbóná, á wú. Ìjà ara fúnra rẹ̀ ló ń dá egbò sí ẹ̀dọ̀fóró."

Màmá Asabe ní tirẹ̀ ti gbádùn ní wọ́ọ̀dù. Ilé ló kù tó ń retí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà gbé ìgò náà sínú omi lórí sítóòfù kó lè yọ́ ọ̀rá náà fún àyẹ̀wò. Ọ̀rá yọ́. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Dókítà, ara Màmá Asabe ti gbóná bí iná!"

Wọ́n pa sítóòfù. Ọ̀rá dì. Ibà lọ.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ràúdátù lọ dúró ti màmá náà, kí òun lè tún tan sítóòfù. Wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì, òógùn bo ìyá náà. Kò lajú.

"Ọmọ mi, sọ fún dókítà kó pa iná yẹn."

Ràúdátù sáré padà sí yàrá àyẹ̀wò. Ta ló sọ fún ìyá náà?

"Jẹ́ ká sun ọ̀rá náà dànù," ni dókítà wí nígbà tó gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà! Tá a bá sun ún, màmá yẹn ńkọ́?"

Dókítà pa iná. Wọ́n gbé ìgò náà sínú firíìjì. Màmá Asabe padà sílé ní àdúgbò Gàmbàrí.

Nígbà tó ṣe, Ràúdátù ṣí firíìjì. Ìgò náà tutù nini. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ ti yọ́, ó ń hó.

Eré ló sá dé Gàmbàrí. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má lọ bá òkú.

Màmá Asabe jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, ṣé ara yín ò gbóná?"

"Alhamdulillahi, ara mi le." Ìyá náà gbójú sókè. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ ló ń làágùn."

Ràúdátù gbọ́wọ́ lé ọrùn ara rẹ̀. Ó gbóná janjan bí ọ̀rá tó ń hó nínú ìgò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ikọ́ ló jáde.