Ẹni Tó Jókòó Nínú Fíìmù

Tìmùtìmù àga náà rì wọlẹ̀. Obìnrin tó ń to fíìmù sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dá àwòrán padà sẹ́yìn, ó tún wò ó. Yàrá òfìfo ló yà. Kò sí ológbò, kò sí ọmọ èèyàn níbẹ̀. Síbẹ̀ tìmùtìmù ń rì, apá ọ̀tún kọ́kọ́, kí apá òsì tó tẹ̀lé e, bí ìgbà téèyàn bá rọra jókòó.

Àga bàbá rẹ̀ ni. Kápẹ́ńtà ni bàbá náà kó tó kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án.

Obìnrin yìí kò ní ọ̀gá. Òun ló ń kọ ìtàn, òun ló ń gbé kámẹ́rà, òun ló ń kun àwòrán ìpolówó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, òun náà ló ń gé fíìmù tó sì ń tò ó pọ̀. Adánìkànṣe ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Ó ti pinnu pé fíìmù nípa bàbá òun yìí lòun máa fi kádìí rẹ̀. Nígbà ayé bàbá, kò gbà kó ya òun rí. Ojú máa ń tì í. "Kí lo fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe?" Á rẹ́rìn-ín, á gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Adánìkànṣe pe ìyá rẹ̀ wọlé.

"Màámi, ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí i?"

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. "Bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Orúnkún òsì tó ń dùn ún ni kì í jẹ́ kó fìdí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ọkọ mi mà ni. Má gé e kúrò o."

Kò gé e. Kò fi orin sí i, kò fi ọ̀rọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn èèyàn, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Bí àga náà ṣe yọ, gbogbo gbọ̀ngàn tẹ́tí sílẹ̀. Lójijì, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí àgbàlagbà dá lápàárá. Ọkùnrin kan nu ojú rẹ̀. Adánìkànṣe tẹjú mọ́ ara ògiri tí fíìmù ń hàn sí: àga lásán ló rí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí iná tàn, ìyálọ́mọ kan wá dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ bá mi kí bàbá yín o. Ohùn wọn tutù."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wọ́n léèrè? A ṣáà ń gbọ́ yín lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ ní kí wọ́n má tijú. Wọ́n ní ojú ò ti àwọn mọ́, ọmọ àwọn ló ń wo àwọn. Wọ́n wá bi yín pé ìgbà wo lẹ máa ṣe òmíràn."

"Kí ni mo dá wọn lóhùn?"

"Ẹ ní kò ní pẹ́."