Ẹsẹ̀ Aránbàtà

Nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọ ilé iṣẹ́ náà, aránbàtà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ àlejò. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wà lórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, di ọwọ́ ìyàwó aránbàtà mú.

"Májèlé ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Oṣù mẹ́rin ni ẹsẹ̀ àbúrò mi ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ò rí ìdí ẹ̀. Ta ló ń gbé oúnjẹ fún un? Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

"Èmi ni mò ń gbé e," ni ìyàwó dáhùn. "Inú ìkòkò yẹn náà lèmi àtàwọn ọmọ ti ń jẹ."

Rọra ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá wọn, nítorí kì í yára mú ènìyàn. Ó ní kí wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ń gún un nímú láti inú agolo kan tí wọ́n ti fi nǹkan ha ara rẹ̀. Ó fẹ́ ṣí fèrèsé, kò ṣí. Ìṣó ni wọ́n fi kàn án pa.

Ó lóṣòó ti aránbàtà. "Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́..." ni ẹ̀gbọ́n dá sí i.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nílẹ̀, bàbá."

Aránbàtà wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lọ́nà, mi ò mọ̀. Àwọn ọmọdé ló pè mí padà. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín: aránbàtà tí bàtà ń sá fún."

Rọra yíjú sí ìyá àgbàlagbà kan tó ń bá wọn rán awọ ní tábìlì kejì. "Ìyá, ṣé ẹ máa ń jẹ nínú abọ́ yìí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi oúnjẹ ọkọ ẹlòmíì ṣe? Ilé mi ni mo ti ń gbé tèmi wá."

"Abẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà tí mo dé."

Ìyá fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ awọ. "Ogbó ni, ọmọ mi."

Rọra nawọ́ sí àpá tí ẹsẹ̀ tábìlì kẹta fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀, níbi tí kò ti sí tábìlì mọ́. "Ta ló ni tibí?"

"Ọ̀gá wa ni," ni ìyá dáhùn. "Orí ló máa ń fọ́ wọn níbí. Wọ́n ti gbé e bọ́ sí ìta láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

Wọ́n gbé aránbàtà lọ sí ọsibítù, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. Dókítà ṣí fáìlì rẹ̀. "Mo bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn pé ó ń ta bàtà."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò."

Rọra wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo wọn. "Kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ. Ìyàwó àtàwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, ara wọn le. Ìyá tó ń rán awọ kì í jẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń kú. Ohun tó pa òun àti àbúrò yín pọ̀ ni afẹ́fẹ́ gọ́ọ̀mù inú yàrá yẹn. Ẹ kan fèrèsé pa kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, àìmọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí ń fọ́ yín, ẹ gbé tábìlì tiyín jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ìkìlọ̀ ara agolo gọ́ọ̀mù kúrò, mo rí àpá ọ̀bẹ. Ẹ wá parọ́ fún dókítà, nítorí ẹ mọ̀ pé ọmọ tẹ́ ẹ tọ́ dàgbà ò ní já yín nírọ́ níwájú àlejò."

Ẹ̀gbọ́n jókòó. "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, mi ò mọ ohun míì tá a lè ṣe. Mo rò pé àìsàn náà á lọ fúnra rẹ̀."

"Ẹ ò sì fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin ló fà á," ni Rọra wí jẹ́ẹ́.

"Ṣé mo ṣì máa rìn, dókítà?" ni aránbàtà béèrè.

"Mi ò lè búra. Afẹ́fẹ́ gọ́ọ̀mù yẹn ti ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́. Ó lè le sí i kó tó dẹ̀. Tó o bá jìnnà sí gọ́ọ̀mù, ó lè gbà tó ọdún kan tàbí méjì kó tó sàn."

Kí ọlọ́pàá tó mú ẹ̀gbọ́n lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, tòun ti ewú orí rẹ̀. Obìnrin náà kò gbé e dìde, kò sì bú u. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbé lé itan, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ọmọ ìka lọ sókè.

"Níbí ńkọ́?"

"Rárá."

"Níbí?"

"Rárá."

Ó di abẹ́ orúnkún kí ọkùnrin náà tó ní, "Mo mọ̀ ọ́n lára."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."