Òrí Lọ́rùn Ọwọ́ Olúṣínà

"Olúṣínà, iṣu mélòó lo fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

Jethro ló bèèrè bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó ń bá àwọn Òyìnbó gbé àpò gọ́ọ̀fù sì bú sẹ́rìn-ín. Olúṣínà wo ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù funfun kékeré náà jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí, kò mira rárá, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ àti koríko tí ọ̀pá rẹ̀ ti hú tó kọ ebè kan. Ó tún gbé ọ̀pá sókè, ó fi gbogbo agbára sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ilẹ̀ dún gbì! Ebè di méjì.

Mísítà Hobbs, Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba ní Kabba, ń kọjá lọ lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un nílùú wọn pé èdè Haúsá ni gbogbo ará Àríwá, tí Kabba wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ń sọ, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Olúṣínà, ó kí i kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá pé, "Sánnú dà áíkì!"

"Okun o, sà," gbogbo wọn fi ìkíni ìlú wọn dáhùn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn láti ọdún méjì, kò sì tíì sí ìjà.

Ẹ̀rín ni fún Jethro, kì í ṣe ẹ̀rín fún Olúṣínà. Ọdún 1954 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Olúṣínà, ó ti jáde ìwé mẹ́fà, kò sì rí iṣẹ́ kan ṣe ju gbígbé àpò ọ̀pá kiri pápá lọ. Lájídé bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í yẹ̀. Ó ti wí fún un pé, "Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí o kò tíì rí iṣẹ́, ìwọ àti ọkọ́ lẹ jọ ń lọ bá àbúrò mi ní Òkè-Bùkún." Olúṣínà kò kórìíra oko. Ọkọ́ mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ ọkọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti yọjú wo inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì ló fẹ́ dà.

Mísítà Hobbs sì ń wá ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo sí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìjọba ṣe. Nínú àwọn agbápò ló ti fẹ́ mú un. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn Àjíǹde, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù kan péré. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọdá odò kékeré inú pápá, tó sì lọ jìnnà jù, òun ló ni iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Thomas Ọlánípẹ̀kun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ọmọ Kabba ni, akọ̀wé ọ́fíìsì Ẹnjiníà ni, òun nìkan sì ni ènìyàn dúdú tí wọ́n gbà láyè láti bá wọn gbá gọ́ọ̀fù nígbà náà. Ó ní, "Ọ̀gá ní mọ́tò kò fẹ́ ẹni tó lágbára. Bóòtù tí ẹ bá fi ipá dè, yóò já ni. Ẹni tó bá lè fi sùúrù kọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, òun ni òun lè fi irinṣẹ́ lé lọ́wọ́."

Ọrùn ọwọ́ yìí gan-an ni ìyọnu Olúṣínà. Láti kékeré ló ti ń kọ ebè, ẹni tó bá sì ń kọ ebè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ òun rọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọkọ́ yóò yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ti ń mú ọkọ́ náà ló ń mú ọ̀pá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Thomas dúró tì í.

"Wò ó," ó ní. "Bí o bá gbé ọ̀pá sókè, ọrùn ọwọ́ rẹ yóò ká. Ó dáa. Bí o bá ń sọ̀ ọ́ bọ̀, jẹ́ kó ká bẹ́ẹ̀. Má tètè tú u lókè. Tí ọwọ́ rẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ itan, nígbà náà ni kí o jẹ́ kó nà, kí ojú ọ̀pá sáré bá bọ́ọ̀lù. O kò ní í nà án o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò nà."

"Sà, bí mi ò bá nà án, ta ni yóò nà án?"

"Ṣé o ti rí bí Iye, ìyá rẹ, ṣe ń fi igi lu ọkà bàbà? Ṣé ó ń di igi mọ́wọ́ bí ẹni tó ń lé olè ni?"

Olúṣínà rẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú, ó tún kọ ebè. Ó gbìyànjú títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́ tí kò lágbára mọ́, ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dún tó! bí ẹni fọ́ ẹ̀pà. Bọ́ọ̀lù fò lọ, wọn kò sì rí i mọ́ nínú òkùnkùn. Inú Olúṣínà dùn débi pé ó fò sókè.

"O rí i?" ni Ọ̀gbẹ́ni Thomas wí. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Máa bọ̀ níbí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́."

Olúṣínà ń lọ. Ó ń gbá a dáadáa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ebè lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn kò burú fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Délé wà níbẹ̀, agbápò ọmọ ìlú Ẹ̀júkù tí kì í pariwo, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dún tó, tó, tó, ní ẹ̀gbẹ́ kejì pápá. Ọkàn Olúṣínà kò balẹ̀ mọ́. Àjíǹde ti dé tán, ìkùukùu sì ti ń ṣú lọ́nà Òkè-Bùkún.

Ìgbà náà ni Jethro fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ Aiyetoro-Gbede ni Jethro, kò sì sí àìsàn tàbí ìṣòro tí kò mọ oògùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn.

"Ọ̀rẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ gan ni. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́. Òrí ló ń fẹ́! Kí ni ìyá àgbà rẹ fi ń ra orúnkún?"

"Òrí."

"Ṣé orúnkún rẹ̀ kì í ká ni?"

"Ó ń ká."

"Ṣé ó ń nà?"

"Ó ń nà."

"Kí lo tún ń bi mí?" ni Jethro wí, bí ẹni pé òun kọ́ ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olúṣínà lára. Ta ni kì í fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nígbà tí ọ̀nà tààrà bá gùn? Láti ọjọ́ náà, kò lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ó di kó máa dọ́gbọ́n wọ yàrá Rebecca, ìyá àgbà rẹ̀, kó máa bu òrí nínú igbá, kó máa fi ra ọrùn ọwọ́ méjèèjì, kó sì máa fi igi gbá afẹ́fẹ́ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ó dà bíi pé ọwọ́ náà ń rọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ gba nǹkan gbọ́ kì í pẹ́ rí ẹ̀rí.

Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, Iye àgbà gbé igbá rẹ̀ jáde. "Ta ló ń jẹ òrí mi nínú ilé yìí?"

"Eku ni, Iye àgbà," Olúṣínà dá a lóhùn.

Iye àgbà wo inú igbá. "Eku tó ń fi ìka mẹ́rin bu nǹkan," ó ní, ó sì gbé igbá rẹ̀ wọlé.

Ní Sátidé, Olúṣínà bu èyí tó pọ̀ jù lọ. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tutù, òrí náà dì mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà. Ó wọ ẹ̀wù funfun ọlọ́wọ́ gígùn tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ọ̀gbẹ́ni Thomas má baà rí i, ó sì jáde nílé bí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun tó gbàgbé ni ohun tí gbogbo ọmọ Kabba mọ̀. Òrí tó bá dì ní òwúrọ̀ kò ní í dì ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ìlú ti pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Lájídé wà níbẹ̀, Iye àgbà Rebecca wà níbẹ̀, Katikíìsì Isaiah náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀ pípá tó ń dán nínú oòrùn. Jethro ló kọ́kọ́ gbá. Tirẹ̀ bọ́ sódò, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn yòókù gbá tiwọn, kò sí èyí tó sọdá. Délé dúró, ó mí, ó gbá a. Tó! Bọ́ọ̀lù sọdá odò, ó balẹ̀ sórí koríko tí wọ́n gé. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Olúṣínà ló kù. Bó ti di ọ̀pá mú ló mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Òrí ti yọ́, ó ti ṣàn gba inú ọwọ́ ẹ̀wù wá sí àtẹ́lẹwọ́, gbogbo ìka rẹ̀ sì ń yọ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, òmíràn tún ṣàn dé. Ó kù díẹ̀ kó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lọ fọwọ́. Ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè ohun tó wà níbẹ̀, kí ni yóò sì sọ lójú bàbá rẹ̀? Ojú tì í. Ó pinnu pé òun yóò di ọ̀pá náà mú pinpin, bí ọkọ́.

Ó gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní.

Ọ̀pá lọ. Ó fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí bírí bírí lókè orí àwọn ènìyàn, àwọn obìnrin kígbe, Lájídé dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó wọ inú igi máńgòrò, ó há síbẹ̀. Ẹ̀ka mì, máńgòrò pípọ́n kan já bọ́, ó sì ba orí Katikíìsì Isaiah láìtàsé. Bọ́ọ̀lù ṣì jókòó síbi tó wà.

Mísítà Hobbs wo bọ́ọ̀lù, ó wo igi, ó wo Katikíìsì tó ń nu omi máńgòrò lójú. Ó mí kanlẹ̀. "Sánnú dà áíkì," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Thomas mú ọwọ́ Olúṣínà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí lèyí?"

"Òó... òógùn ni, sà."

"Háà!" Iye àgbà Rebecca ti dìde níbi tó jókòó. "Ẹ má jẹ́ kó lọ o! Mo ti rí eku mi!"

Ẹ̀rín gba gbogbo abẹ́ igi. Olúṣínà kò lè purọ́ mọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Thomas sì ń túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó dákẹ́, ó ní bọ́ọ̀lù kan péré ni àdéhùn. Délé ló ni iṣẹ́.

Ó dun Olúṣínà dé egungun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n gbá a. Ẹ má kà á."

Wọ́n gbà fún un. Ó gun igi, ó mú ọ̀pá sọ̀kalẹ̀, ó fi iyanrìn odò bó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó padà dúró níwájú bọ́ọ̀lù. Kò sí ohun tó ń lé mọ́, nítorí náà kò fi ipá mú ohunkóhun. Ọ̀pá gòkè, ọrùn ọwọ́ ká. Ó ń bọ̀ nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ṣì ká, ó dúró, ó dúró, ó sì nà fúnra rẹ̀.

Tó!

Bọ́ọ̀lù náà sọdá odò, ó kọjá lórí ti Délé, ó ń lọ síbi tí koríko gígùn ti bẹ̀rẹ̀. Délé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ tipẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Thomas wí jẹ́jẹ́. "Ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ló kù kó jókòó. Ìwọ lo fi òrí pààrọ̀ wọn." Nígbà náà ni Olúṣínà bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé, Lájídé tó ti pèsè èébú sílẹ̀ sì gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó gbọ́n eruku kúrò láṣọ ara rẹ̀, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Délé wọ ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba, Olúṣínà gbé ẹrù, ó kọrí sí Òkè-Bùkún. Jethro sìn ín díẹ̀ lọ́nà.

"Ọ̀rẹ́, má jẹ́ kó dùn ọ́," ni Jethro wí. "Ewé kan wà tí mo mọ̀. Bí ènìyàn bá fi wẹ̀, Òyìnbó yóò ránṣẹ́ pè é fúnra rẹ̀."

Olúṣínà sọ ẹrù kalẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí Jethro, àwọn tí ọ̀pá àti ọkọ́ ti jọ sọ di líle. "Wò wọ́n dáadáa," ó ní. "Láti òní lọ, mi ò ní í fi nǹkan kan ra wọ́n mọ́." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó sì ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ìdánwò ń bọ̀ wá bá, tí ẹnì kan sì ń sọ ọ̀nà ẹ̀bùrú fún yín létí, ẹ rántí pé kì í ṣe ohun tí ẹ kò mọ̀ nìkan ni ọ̀nà ẹ̀bùrú ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ó ń gba èyí tí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ tán pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù tó dára jù lọ tí wọ́n gbá ní Kabba ní ọjọ́ náà, ọwọ́ Olúṣínà ló ti jáde, òun sì ni èyí tí wọn kò kà.