Síkúrù Kan Lẹ́yìn Rédíò Bàbá Mi

"Ta ló fọwọ́ kan rédíò mi?"

Ohùn bàbá mi bá wa nídìí oúnjẹ. Rédíò tó fi ń bá àwọn apẹja yòókù sọ̀rọ̀ lójú òkun ló dì mú, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Síkúrù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ojú ọ̀kan ti bó pátápátá, ó ti di ihò róbótó tí irinṣẹ́ kankan ò lè dì mú mọ́.

Èmi ni mo ṣe é. Rédíò náà ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tú u, àfi Berting tó ń tún rédíò ṣe. Ṣùgbọ́n èmi Amihan, tí mo gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, mo fẹ́ kí wọ́n rí i nílé pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi tú u. Síkúrù mẹ́ta gbà. Ìkẹrin ò gbà, inú bí mi, mo fi gbogbo agbára yí i títí ojú rẹ̀ fi bó. Mo dá mẹ́ta yòókù padà, mo panu mọ́.

"Rodel!" Bàbá mi ti kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ lo máa ń tú nǹkan kiri nínú ilé yìí."

"Bàámi, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Irọ́! Bí ìjì bá dìde lọ́la ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi gbọ́? Àbí o fẹ́ kí n kú sómi ni?"

"Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án! Ẹ ò kúkú gbà mí gbọ́ rí!"

Bàbá mi gbá a létí. Àwo ìrẹsì Rodel dà sílẹ̀. Èmi ń jẹ ẹja gbígbẹ tèmi lọ, mi ò gbójú sókè. Nígbà tí Rodel rí i pé kò sẹ́ni tó máa gbèjà òun, ó kó aṣọ sínú báàgì, ó lọ sílé àbúrò ìyá wa lódìkejì erékùṣù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi mú mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Berting. Inú ṣì ń bí i. Berting na rọ́bà pẹlẹbẹ lé orí síkúrù náà kí irinṣẹ́ lè rí nǹkan dì mú, ó ki síkúrù-díráfà tẹ̀ ẹ́, ó yí i. Kò gbà.

"Gbé pínsà wá kí n fà á yọ!" ni bàbá mi pariwo.

"Teodulo, jókòó jàre. Pẹ̀lú ìbínú tó wà lójú ẹ yẹn, wàá fọ́ gbogbo ẹ̀ ni." Berting gbé rédíò náà súnmọ́ ojú. "Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ba èyí jẹ́. Ta ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Rodel ni."

"Rodel kẹ̀? Èmi ni mo kọ́ Rodel níṣẹ́. Rodel ò jẹ́ fi ọ̀bẹ tú síkúrù láé."

"Èmi ni," mo wí.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ? O jókòó, ò ń jẹun, mò ń lu ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàámi."

"Ẹ̀rù! Kúrò níwájú mi, Amihan!"

Berting ò dá sí wa. Ó fi ayùn irin tín-ínrín rẹ́ ìlà kan sórí síkúrù náà, ó ki irinṣẹ́ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó rọra yí i. Síkúrù jáde. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò náà: iyọ̀ òkun ló bo wáyà inú rẹ̀. Berting fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, rédíò sọ̀rọ̀. Inú ẹnì kankan ò dùn sí i.

Ọ̀dọ̀ Rodel la gbà lọ tààrà.

"Mo ṣì ọ́ lù, ọmọ mi. Amihan ló ṣe é," ni bàbá mi wí.

"Ẹ ò tiẹ̀ bi ẹlòmíì léèrè, Bàámi." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ẹnu ẹ ti wá là?"

Mo na ọwọ́ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já a gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Rodel tó padà wálé. Ká ní mo ti jẹ́wọ́ nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ béèrè, etí tèmi nìkan ni ì bá gbóná. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ló sọ síkúrù kan di ìjà ilé. Bí ìwọ náà bá ba nǹkan jẹ́, tètè sọ pé ìwọ ni, kí wọ́n tó fìyà rẹ jẹ ẹlòmíì.

Òjò ti dá lọ́dún yẹn kí Rodel tó bá mi sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "O gbọ́ bí ìgbátí yẹn ṣe dún létí mi, o sì ń jẹun lọ."