Omi Àkọ́fà Ilé Marged

Irun àgùntàn ni Emrys ń rẹ́ lọ́jọ́ tí Heledd kọ́kọ́ gba àgbàlá wọn kọjá pẹ̀lú àpótí ìgò.

"Omi odò yín ni mo wá yẹ̀ wò."

"Omi nìkan?"

Heledd bú sẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Lóṣù kẹta, Emrys mú un lọ rí ìyá rẹ̀, Marged. Inú a máa run ìyá yìí, ọwọ́ rẹ̀ a máa kú tipiri. Ó ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ó tún sọ pé ọkọ òun tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ri páìpù òjé ilé náà mọ́lẹ̀, lọ́dún tó gbé òun níyàwó. Marged gbé tíì fún àlejò. Heledd ò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ má bínú, Mà. Àìsàn yín àti páìpù òjé yẹn ń bà mí lẹ́rù; òjé a máa wọ inú omi, májèlé sì ni. Ẹ jẹ́ n yẹ omi wò ná."

Ó kán omi ẹ̀rọ sínú ìgò kékeré. Wúrà tí wọ́n lọ̀ títí ojú ò fi rí i mọ́ ló wà nínú omi ìgò náà, ó pupa foo bí wúrà tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣe. Bí òjé bá kàn án, àwọ̀ aró ni yóò dà.

Wọ́n dúró títí. Ó pupa síbẹ̀.

"O ti rí i?" Marged ní. "O kọ tíì mi, o tún bú iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi. Emrys, bó o bá fẹ́ eléyìí, má pè mí síbi ìgbéyàwó."

Heledd fomijé jáde. Ọkàn Emrys gbọgbẹ́.

Ìgbà tó rí agbada ìfọṣọ tó kún fún omi ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Bí àlejò bá ń bọ̀, ìyá rẹ̀ a máa ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ títí omi yóò fi tutù nini, èyí tó ti pẹ́ nínú òjé á sì ti ṣàn sínú agbada. Ṣùgbọ́n èyí tó sùn sínú páìpù mọ́jú lòun fúnra rẹ̀ ń sè mu láràárọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Emrys sáré fa ife omi àkọ́kọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ránṣẹ́ pe Heledd.

"Olólùfẹ́ mi, kán an. Níṣojú Màmá ni kó o ti kán an."

Pupa náà ṣú díẹ̀díẹ̀, ó di aró.

Marged ní, "Ọkọ mi ló ń pa mí?"

"Rárá, Mà," Heledd kúnlẹ̀ tì í. "Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà."

Ìyá náà wo ìgò, ó wo ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rù ń ba Emrys. Marged nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣọ́bìrì ńkọ́? Ẹ bá mi hú páìpù yẹn kí ìyàwó wa tó kó wọlé."

Bí wọ́n ti gbé ṣọ́bìrì kanlẹ̀ báyìí ni Marged pariwo láti ẹnu ọ̀nà:

"Ẹ rọra o! Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn."