Ìyẹ̀fun Tó Hó

Iredélé ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì fi ẹ̀yìn tì í kí àbúrò rẹ̀ má baà já wọlé. Ó da díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun funfun tó rà ní ọjà Kubwa sínú àwo, ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó sì fún omi rẹ̀ lé e lórí.

Ìyẹ̀fun náà hó. Ó hó bí ọṣẹ, ó ń dún ṣììì, ìfófòó rẹ̀ sì ń gun etí àwo.

Iredélé wò ó títí ó fi dákẹ́. Kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ohun tó rí fún un. Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì, ti sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé: "Òkúta tí a fẹ́ lò kì í hó bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Èyí tó bá hó, òkúta ẹfun ni. Ẹ má jẹ́ kó dé inú amọ̀ yín." Ọmọbìnrin náà fọ àwo mọ́ tónítóní, ó so ìyókù ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá, ó sì gbé e sínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀.

Ẹ má tíì pè é ní ọmọ burúkú. Iredélé kì í jí nǹkan, kì í sì wo ìwé oníwèé nínú ìdánwò. Ohun kan ló ń dà á láàmú: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe rẹ̀ láéláé. Ibẹ̀ ni èṣù sì ti bá a wọlé.

Òkúta tí wọ́n ń sọ yìí, wolasitonáìtì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ olùkọ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe táìlì lọ́nà Abaji ló fún un ní àpò kékeré kan tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Lọ́jọ́ tó gbé e dé kíláàsì, ó fún wọn ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kálukú sì tẹjú mọ́ ọn. Hóró rẹ̀ kò rí roboto bí iyanrìn. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́.

"Kálísíọ̀mù àti sílíkà ló pàdé nínú ilẹ̀ gbígbóná tí wọ́n fi di òkúta yìí," Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé ní. "Àwọn alámọ̀ ń pò ó mọ́ táìlì kó má baà sán nínú iná, torí abẹ́rẹ́ yẹn ló ń di amọ̀ mú. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ń lò ó. Wọ́n ń fi sínú ike kó lè le. Ó wà nínú bíréèkì ọkọ̀ pàápàá, nítorí pé kò bẹ̀rù ooru."

Hàbíbátù, ọ̀rẹ́ Iredélé tó jókòó tì í, nawọ́ sókè. "Sà, òkúta ẹfun náà funfun, ó sì wà káàkiri. Ṣé a ò lè lo ìyẹn ni?"

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, Hàbíbátù, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí òkúta ẹfun bá wọ iná, á tú gáàsì jáde. Èyí tó bá kù nínú amọ̀ á dákẹ́ síbẹ̀, á máa retí omi. Ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá kàn án, á wú, á sì fọ́ ohun tó yí i ká." Olùkọ́ náà nu ẹfun ìkọ̀wé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó lè pẹ́ o. Ó lè pẹ́ débi pé ẹ ti gbàgbé."

Àdògán ni àwọn ọmọ méjèèjì fẹ́ fi òkúta náà ṣe fún ìdíje sáyẹ́ǹsì, ààrò amọ̀ eléèédú tó ṣeé gbé kiri, tí kò ní sán bí iná bá pọ̀. Hàbíbátù ló mọ amọ̀ mọ. Iredélé ni olórí wọn, òun ni wọ́n sì fi ìyẹ̀fun ṣọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ sílé kó lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ orí fóònù. Ó yà á tán, ó gbàgbé àpò náà sí fàráńdà. Tony, akunlé tí onílé wọn pè wá kun ọgbà, rí nǹkan funfun, ó sì dà á mọ́ ọ̀dà.

"Ah, sister, no vex," Tony ní, ó ń họ orí. "I think say na my chalk."

Ògiri ọgbà náà dán, kò sírú rẹ̀ ládùúgbò. Iredélé dúró níwájú rẹ̀, omijé lé ròrò sí i lójú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa po amọ̀. Ó lè lọ bá olùkọ́ kó jẹ́wọ́, kí wọ́n tún bẹ ará Abaji. Ṣùgbọ́n Usamah, ọmọ kíláàsì wọn tó ti ń wá ipò olórí náà lójú méjèèjì, yóò fi rẹ́rìn-ín di ìparí táàmù. Bàbá Iredélé sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ìpàdé ọmọ ìlú Kàbà pé ife ẹ̀yẹ ń bọ̀ nílé òun. Ojú ń ti Iredélé kó tó jẹ̀bi pàápàá. Ló bá gba ọjà lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, níbi tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun òkúta funfun.

"Èyí ní hóró ju ti ọjọ́sí lọ o," Hàbíbátù ní nígbà tí wọ́n ń pò ó mọ́ amọ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ó dì ni," Iredélé dáhùn. "Ṣáà máa pò ó."

Ọyẹ́ ń jà burúkú nígbà tí àdògán náà jáde láti inú iléru àwọn amọ̀kòkò. Ó pupa fòò, ó le, bí o bá fi ìka kàn án á dún bí agogo. Wọ́n gba ipò kìíní ní agbègbè wọn, wọ́n sì pè wọ́n sí àṣekágbá ní Garki. Inú olùkọ́ dùn débi pé ó ní kí wọ́n gbé àdògán náà fún ìyá Hàbíbátù, ẹni tó ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní kọ̀sé ní oríta, kí àwọn onídàájọ́ lè gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Iredélé bá Hàbíbátù gbé e débẹ̀, kò sì jẹ́wọ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Hàbíbátù ń yin àdògán, ó ní kì í jẹ èédú. Iredélé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé olùkọ́ fẹ́ràn àsọdùn. Kò rántí pé ọyẹ́ ló ń bo òun láṣìírí, pé kò tíì sí ọ̀rinrin kankan nínú afẹ́fẹ́ Kubwa.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé, ooru dé, ìkùukùu sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú ọ̀run. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Iredélé àti Hàbíbátù wà lábẹ́ àtíbàbà ìyá Hàbíbátù ní oríta, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Gbọ́ o," Hàbíbátù ní, ó rẹ́rìn-ín. "Àdògán wa ti ń sọ̀rọ̀."

Tá. Ohùn kékeré ni, bí ẹni ta èékánná. Ó dákẹ́, ó tún ṣe tá. Iredélé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Amọ̀ ti ṣí kúrò lára àdògán níbì kan, ó fi ihò kékeré sílẹ̀, nǹkan funfun kan sì wà láàárín ihò náà bí ojú ẹja tí wọ́n sè. Ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan ìdí àdògán, ó rí i pé wọ́n pọ̀.

"Kí ló dé? Ojú rẹ yí padà."

"Kò sí nǹkan."

"Iredé, kí ló ń dùn ẹ́?"

"Mo ní kò sí nǹkan, àbẹ́ẹ̀gì. Ebi ló ń pa mí."

Àṣekágbá Garki kù sí dẹ̀dẹ̀. Iredélé bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá ti ti Garki dé, òun yóò sọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà ń ṣàdéhùn yìí, amọ̀ kò bá a ṣàdéhùn kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún rọ̀. Gbogbo ọmọdé Kubwa bọ́ síta, wọ́n ń jó nínú rẹ̀, àwọn àgbà ń dúpẹ́ pé ooru máa rọlẹ̀. Iredélé nìkan ló dùbúlẹ̀ tó ń gbọ́ òjò lórí páànù bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé abẹ́ àtíbàbà tó ń jò ni àdògán náà ń sùn.

Hàbíbátù kò bá wọn lọ. "Màmá ò lè dá kọ̀sé dín pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu," ó ní. "Lọ gbé ife náà wá fún wa."

Ní Garki, lẹ́yìn tí wọ́n wo fọ́tò àdògán náà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó bi Iredélé pé: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wolasitonáìtì gidi lẹ lò?"

"A fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò, sà," Iredélé dáhùn ketekete. "Kò hó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ife fún un. Ife náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi kànga.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà sí Kubwa, oòrùn ti ń wọ̀. Wákàtí yìí ni ìyá Hàbíbátù máa ń daná fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Iredélé rò ó, ó rò ó, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó pe Hàbíbátù.

"Iredé! Ṣé a gbà á?"

"A gbà á."

"Kai! Màmá, a gba ipò kìíní o!" Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn fóònù. Iredélé gbọ́ epo tó ń ta ṣàrà-ṣàrà nínú agbada.

"Hàbíbá..."

"Sọ̀rọ̀ kíá, epo ti gbóná, èrò ti tò."

Iredélé wo ife tó wà lórí itan rẹ̀. Olùkọ́ wọn jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Mo ní kí n kí yín ni."

"Sànnu, o kú iṣẹ́, ọ̀gá wa!" Hàbíbátù pa fóònù.

Kò pẹ́ tí Iredélé tún pè é. Fóònù náà dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, èrò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tò. Àdògán ti là sí méjì. Èédú fọ́n ká sínú ẹrẹ̀, agbada dojú dé, ẹ̀wà lílọ̀ sì ti dà sílẹ̀. Ìyá Hàbíbátù jókòó sórí ilẹ̀ lásán, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣáá. Wọ́n ti gbé Hàbíbátù sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Epo gbígbóná ti dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ti bó o láti itan dé ẹsẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé ṣa àfọ́kù àdògán kan nílẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rí àwọn ojú funfun yẹn.

"Òkúta ẹfun," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi ará Abaji ló tàn mí jẹ. Ayédèrú ló fún mi. Mo máa fi ọlọ́pàá mú un."

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú Iredélé. Bó bá ṣáà dákẹ́, ẹlòmíràn ló máa ru ẹrù náà. Ó ti dákẹ́ púpọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n igbe ìyá Hàbíbátù kò jẹ́ kó lè ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

"Kì í ṣe òun, sà. Èmi ni. Tiyín sọnù, mo lọ ra òmíràn ní ọjà."

Olùkọ́ náà gbé àfọ́kù náà sílẹ̀. "Ṣé o dán an wò?"

"Mo dán an wò, sà."

"Ó hó?"

Iredélé bú sẹ́kún. "Ó hó, sà."

Wọ́n dá ife padà sí Garki. Ilé-ìwé ní kí Iredélé lọ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì lè yọjú sí ìpàdé ọmọ Kàbà mọ́. Ìyà wọ̀nyẹn kéré. Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ìyá Hàbíbátù kò bú u rárá. Nígbà tó wólẹ̀ níwájú rẹ̀, obìnrin náà kàn ní, "Dìde, ọmọ mi," ó sì yíjú sí ògiri. Ìbá bú u, ìbá sàn fún un.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá, Hàbíbátù ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Iredélé ń lọ kí i, ó ń ka iṣẹ́ kíláàsì fún un, Hàbíbátù sì ń gbọ́ láìwo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Hàbíbátù dá a dúró.

"Lọ́jọ́ yẹn tí o pè mí nínú bọ́ọ̀sì, kí lo fẹ́ sọ gan-an?"

Iredélé pa ìwé dé. "Mo fẹ́ sọ pé kí ẹ pa iná."

Hàbíbátù wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò lè ká mọ́, ọwọ́ tó fi mọ amọ̀ wọn.

"Gbólóhùn kan péré," ó ní. "Ǹ bá sì ti pa á."

Irọ́ Iredélé kò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ tó pa á. Ó jókòó sínú amọ̀, ó ń retí òjò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti mọ̀ pé nǹkan hó, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ tí òtítọ́ máa rọrùn láti sọ, ara ẹlòmíràn ni yóò fi san án.